Ojú Ewé Ọmọ Kọ̀ọ̀kan

Mo ṣì ń tọ́jú ìwé kan láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ìwé olójú ewé 80 ni, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, kòkòrò sì ti jẹ igun rẹ̀ kan. Sáà ẹ̀kọ́ 1993 sí 1994 ni mo lò ó, ní pírámárì kẹta, nílé-ìwé ìjọba kan ní Òṣogbo. Ọmọ 62 ló wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà. Mo kọ orúkọ wọn sókè ojú ewé, ọmọ kan sí ojú ewé kan, mo sì bá ara mi ṣe àdéhùn pé lójoojúmọ́, kí n tó ti ilẹ̀kùn, n ó kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nípa ọmọ márùn-ún. Kì í ṣe máàkì ni mo ń kọ. Kì í ṣe "ó gbìyànjú" tàbí "kó tún múra sí i" tí a máa ń kọ sínú káàdì èsì ìdánwò. Ohun tí ojú mi rí lára ọmọ náà lọ́jọ́ náà ni: kò jẹun nígbà ìsinmi, ó kọ 3 tó kọjú sódì, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé báàgì, ó sùn lọ lẹ́yìn agogo mẹ́wàá.

Ọmọ kan ló sún mi dé ìdí ìwé yìí. Ọdún 1991 ni mo pàdé rẹ̀, ọdún tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Mo ti lo ọdún méje lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mo sì gbà pé mo mọ iṣẹ́ mi. Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kì í jà, kì í pariwo. Tí mo bá kọ nǹkan sójú pátákó, yóò dà á kọ láìṣi lẹ́tà kan, àmì ohùn gan-an kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ àpèkọ, òdo ni. Òdo lọ́sẹ̀ yìí, òdo lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo gbà pé ọ̀lẹ ni. Mo pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì, mo sì nà án lẹ́gba mẹ́ta mẹ́ta ní àtẹ́lẹwọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ jókòó tì í, wọ́n ní ó ń rùn. Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó máa wẹ ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Ọyẹ́ ló là mí lójú. Nínú oṣù Kejìlá, eruku gba ìgboro, ọ̀fìnkìn mú mi, mo wá fi sikáàfù bo imú àti ẹnu lọ sí kíláàsì. Ọmọ yìí, tó máa ń dáhùn ìbéèrè kan tàbí méjì lóòjọ́, kò dáhùn ẹyọ kan lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára sikáàfù mi láti òwúrọ̀, bí ẹni pé mo gbé nǹkan rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo tú u láti mumi, mo rí i pé ara rẹ̀ wálẹ̀. Àyà mi já. Nígbà ìsinmi mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò yíjú. Mo gbé ohùn sókè díẹ̀. Ọmọ mẹ́ta mìíràn yíjú, òun kò yíjú. Ètè mi ló ti ń kà láti ọjọ́ tó ti wọ kíláàsì mi. Lọ́jọ́ àpèkọ, èmi a sì máa rìn láàárín bẹ́ǹṣì, n ó kẹ́yìn sí i, n ó máa pe ọ̀rọ̀ lọ.

Ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. "Tíṣà, ẹ má bínú," ni ó kọ́kọ́ sọ, torí ó rò pé ẹjọ́ òórùn ni mo tún fẹ́ rò. Mo bi í nípa etí. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rákòrò ni etí rẹ̀ ti ń ṣọyún. Wọ́n ti da àdí gbígbóná sí i, wọ́n ti fi ìyẹ́ adìẹ nù ún, yóò lọ, yóò tún padà. Òórùn tí àwọn ọmọ ń sá fún nìyẹn, òun ni mo ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ kúrò.

Lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ ni mo ti wá gbọ́ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so ẹ̀yìn imú mọ́ inú etí. Lára ọmọdé, ihò náà kúrú, ó sì tẹ́jú ju ti àgbà lọ, nítorí náà ọ̀fìnkìn tí a kò tọ́jú kì í pẹ́ rìn dé inú etí. Níbẹ̀ ni yóò ti di ọyún, ọyún náà yóò lu awọ tó wà nínú etí, bó bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún bíi mélòó kan, ìgbọ́ràn yóò máa dín kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọmọdé tí etí wọn kò gbọ́ràn tó bó ṣe yẹ tó mílíọ̀nù 34 káàkiri ayé, àti pé nínú 100 ọmọ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ohun tó fà á fún nǹkan bí 60 jẹ́ ohun tí a lè dènà. Ìgbàkúùgbà tí mo bá rántí iye yẹn, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ni mo ń rí.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn. Etí ọ̀tún padà bọ̀ sípò díẹ̀, ti òsì kò padà. Mo gbé e wá síwájú kíláàsì, sí apá òsì, kí etí tó gbọ́ràn lè kọjú sí mi. Mo kọ́ ara mi láti má máa bá pátákó sọ̀rọ̀ mọ́. Kí sáà tó parí, ó gba méje nínú mẹ́wàá nínú àpèkọ. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ sílé, mo pè é, mo wo ojú rẹ̀ kó lè rí ẹnu mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Mo fẹ́ kí òbí àti tíṣà tó ń ka èyí fara balẹ̀ síbí: n kò ṣojúsàájú sí ọmọ náà. Pàṣán kan náà ni mo fi ń na gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń pè fún gbogbo wọn. Bí onígàárì ti í fi kóńgò wọn ọjà, tí yóò fọwọ́ gbá orí rẹ̀ kó tẹ́jú kí oníbàárà kankan má lè ráhùn, bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ẹ̀tọ́ rí nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo wọ̀n fún un kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba kóńgò kíkún, òun gba òfìfo, mo sì tún nà án pé kí ló dé tí kò yó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tó ń tọ́ ọmọ ni kó wo ọmọ. Ìkọ́ni, ìbáwí, ìkẹ́, ẹ̀yìn wíwò ni gbogbo wọn ń bọ̀.

Ìyá mi àgbà mọ èyí láìlọ sílé-ìwé kankan. Ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ló tọ́ nínú agboolé wa ní Ẹdẹ, èmi ni ìkarùn-ún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kì í jí wa bákan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, oríkì rẹ̀ ni yóò máa kì láti ẹnu ọ̀nà, ohùn ìsàlẹ̀, títí ọmọ yóò fi na ara tí yóò dìde fúnra rẹ̀. Àbúrò mi kan wà tí oríkì tún ń mú sùn lọ. Ẹsẹ̀ lòun ní tirẹ̀, màmá yóò fi ọwọ́ tútù kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nípa ìbáwí, ojú lásán ni màmá fi ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí. Bí àlejò bá wà, tí ẹran ṣẹ́kù sínú àwo, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́, ó ti dìde. Èmi kì í gbọ́ ojú. N ó máa wo màmá, màmá yóò máa wò mí. Ó tètè mọ̀ pé kì í ṣe àìgbọràn, pé ojú kò yé mi ni. Ó wá máa ń pè mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, yóò ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdí tí a kì í fi ṣe báyìí lójú àlejò, n ó sì gbọ́, n kò sì ní ṣe é mọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ẹ̀gbọ́n mi. Odindi ni mo ń fẹ́, màmá sì ń fún mi ní odindi láìsọ pé èmi ni mo burú.

Àwa Yorùbá kúkú ti ń wo ọmọ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó fẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Èyí tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, bó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó ni, bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Èyí tó dojú bolẹ̀ wáyé ni Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá wọ̀nyí ń sọ fún gbogbo agboolé pé ọmọ yìí ní bó ṣe wá tirẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní fi ojú ìfẹ́ nìkan wo àṣà wa níbí. Ẹ wo Ìdòwú, ọmọ tó tẹ̀ lé ìbejì. Kó tó hu eyín ni wọ́n ti sọ ọ́ di èṣù lẹ́yìn ìbejì, tí wọ́n ti ní alágídí ni. Mo ti kọ́ Ìdòwú tí kò lè pa eṣinṣin, tí omijé rẹ̀ kì í jìnnà sójú, tí bàbá rẹ̀ sì ń fi ọwọ́ líle mú un torí orúkọ náà nìkan. Wọ́n ti fi orúkọ parí ohun tó yẹ kí ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Irú rẹ̀ náà ni ti ọwọ́ òsì. Nínú èèyàn mẹ́wàá níbikíbi láyé, ó máa ń tó ẹnì kan tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Nínú kíláàsì ọmọ 62, ó yẹ kí n ní bíi mẹ́fà. Ẹnì kan ni mo rí lọ́dún náà, torí wọ́n ti fipá yí àwọn tó kù padà nílé. Ọmọbìnrin ni ẹni kan náà. Àmì aṣọ tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń so ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ ń wó, kì í kọ ìdajì tán kí n tó pa pátákó rẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ní kí n má fàyè gbà á, pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Mo lọ bá ìyá àgbà náà nílé, mo kúnlẹ̀ kí wọn. N kò bá wọn jiyàn pé àṣà kò dára. Èmi náà kò fẹ́ kí ọmọdé fi òsì na nǹkan sí àgbà. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí ọ̀tún máa kí èèyàn, kó máa gba nǹkan, kó máa jẹun, kí òsì sì máa di bírò mú. "Ṣé kò ní gbàgbé, kó fi òsì na owó sí mi lójú èèyàn?" Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, Mà."

Nǹkan kékeré méjì ló kù tí mo ṣe, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ìkínní, mo gbé e lọ sí ìparí bẹ́ǹṣì ní apá òsì, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má máa gbá ti ẹnì kejì. Ìkejì, mo kọ́ ọ láti dẹ orí ìwé sí apá ọ̀tún, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà, kó má máa fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ pa ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ rẹ́. Nínú ìwé mi, lójú ewé rẹ̀, mo kọ ọ́ ní oṣù Kejì: "Òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé tán lónìí." Ìlà kejì lábẹ́ rẹ̀: "Ó fi ọ̀tún gbé ẹfun fún mi."

Ọ̀kan tún wà tó nira ju ìyẹn lọ, torí òfin tèmi fúnra mi ló kọlù. A kì í jáde lásìkò ẹ̀kọ́ ní kíláàsì mi. Òfin tó dára ni, ọmọ 62 tó bá ń jáde tó ń wọlé, ẹ̀kọ́ ò ní sí. Ọmọbìnrin kan, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tọrọ ààyè lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo kọ̀. Ó tọ̀ sára níbi tó jókòó sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá, ó wò mí tìkàtẹ̀gbin, ó sì ní, "Tíṣà, fòníkú-fọ̀ladìde ni. Omi ló ń gbé e ró." Ẹ̀jẹ̀ SS lọmọ náà ní. Kíndìnrín àwọn tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í lè fa omi mọ́ra bíi tàwa yòókù, omi tètè ń tán lára wọn, bí omi bá sì tán, ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣẹ́ kọdọrọ yóò há sínú ìṣàn, ìrora yóò sì gbéra. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa mumi gan-an, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tọ̀ gan-an, òtútù kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ru àbùdá kan àrùn yìí. Bí a bá gbọ́ orúkọ àbíkú bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, a ń gbọ́ igbe àwọn ìyá tí wọ́n sin ọmọ léraléra, mo sì gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú, ẹ̀jẹ̀ yìí ló pa wọ́n.

Mo yí òfin padà fún ọmọ kan. Ìgò omi rẹ̀ ń wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, bó bá sì fẹ́ jáde, kò pọn dandan kó bi mí. Lásìkò ọyẹ́, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí àwọn yòókù bá ń sáré ìdíje, òun ló ń ka iye, òun ló ń pe ẹni tó yege. Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan na ọwọ́: "Mà, èmi náà fẹ́ máa jáde láìbéèrè." Àwọn àgbà máa ń bẹ̀rù ìbéèrè yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà, mo sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ omi ju tiwọn lọ, pé bí omi bá tán yóò rora gidigidi. Wọ́n dákẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ tó na ọwọ́ yẹn ló ń rán an létí pé kó mumi. Ọmọdé mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a ń ṣe ojúsàájú fún àti ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́, bí a bá sọ òótọ́ fún wọn.

Nígbà mìíràn, kì í ṣe ara ọmọ ni ìṣòro wà, èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ kan nínú ìwé mi ń ta ọsàn lẹ́yìn ilé-ìwé, ó ń tò ó ní márùn-ún márùn-ún, ó sì ń fún èèyàn ní ṣéńjì kí èèyàn tó ṣírò tán. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò wa, Gẹ̀ẹ́sì ni, bí mo bá gbé ìbéèrè kan náà ka iwájú rẹ̀, yóò wo ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá ka ìbéèrè fún un ná, ó ń ṣe é. N kò ṣàwárí nǹkan tuntun. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà nílé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù láti pírámárì kìíní dé kẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà mókè ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, wọn kò rẹ̀yìn. Fáfúnwá tilẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, títí dòní, a ṣì ń rí ilé-ìwé tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ó dùn mí púpọ̀. Ọmọ tó gbọ́n lédè ìyá rẹ̀, a mú un wọ èdè mìíràn, a sì pè é ní aláìmọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkẹ́ nìkan ni gbogbo ohun tí mo ń sọ. Àkẹ́jù wà, ó sì ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọbìnrin tó mọ̀wé jù nínú kíláàsì náà, líle ló ń fẹ́. Gbogbo èèyàn ń yìn ín, nítorí náà ó ń parí iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò sì fi ìyókù da ẹgbẹ́ rẹ̀ láàmú. Mo dẹ́kun yíyìn ín. Mo fún un ní ìwé pírámárì karùn-ún, bó bá kọ ọ́ jákujàku, n ó dá a padà. Ó sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ wá bi mí pé kí ni ọmọ òun ṣe mí. Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo rí ohun tó lè ṣe ni.

Nílé, ó pẹ́ kí n tó máa ṣe ohun tí mo ń ṣe ní kíláàsì fún àwọn ọmọ tèmi. Èmi náà bí ìbejì, ọkùnrin méjì, àṣà wa sì ni pé ohun tí a bá ṣe fún Táyé, ká ṣe é fún Kẹ́hìndé: aṣọ kan náà, bàtà kan náà, ẹ̀wà kan náà. Bí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé, n ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: "Báwo ni ilé-ìwé lónìí?" Táyé yóò ti sọ gbogbo rẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Kẹ́hìndé yóò ní, "Kò sí nǹkan, Mà." Mo rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Mo bá a wí. Mo tilẹ̀ sọ gbólóhùn tí mo kórìíra jù lẹ́nu òbí: "Ṣé o ò rí ẹnì kejì rẹ ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, mo ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ àtùpà, Kẹ́hìndé wá jókòó, ó ń bá mi bó o. Ó pẹ́ tí a kò sọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò wo ojú mi, ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó ní ọmọ ńlá kan ti ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ òun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi tí mo ń kọ gbólóhùn nípa ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣe nǹkan, ojú ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀gúsí kì í tán nílé wa. Mo ń rà á ju èyí tí a ń jẹ lọ. Bí mo bá rí i pé ojú Kẹ́hìndé kò dán, n ó gbé igbá sílẹ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, n ó sì dúró. Ó ti di bàbá báyìí. Bó bá wá kí mi tó sì ní ohun tó wúwo lọ́kàn, yóò wọ ilé ìdáná lọ, yóò béèrè bóyá iṣẹ́ kan wà tí òun lè bá mi ṣe.

Àwọn tíṣà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń bi mí pé báwo ni èèyàn yóò ṣe wo ọmọ 62. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọmọ 35 ni kó wà lọ́dọ̀ tíṣà kan ní pírámárì, ìjọba sì jẹ wá ní gbèsè ìlànà yẹn, n kò ní fi ìfaradà wa dá wọn láre. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àìní kan wà tó ju agbára tíṣà kíláàsì lọ. Ọmọ tí kò ríran rárá, tàbí tí kò gbọ́ràn rárá, yẹ kó ní olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, irú àwọn tí wọ́n ti ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ṣùgbọ́n gbólóhùn márùn-ún lóòjọ́ kì í gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìwé kan àti bírò kan ni. Ìbéèrè ńlá kan ni ìwé náà sì bi mí, èyí tí n kò retí.

Lẹ́yìn oṣù kìíní, mo ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ń jà, ojú ewé wọn ti ń kún. Àwọn tó mọ̀wé, bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ 11 wà tí ojú ewé wọn funfun. Bó bá kan wọn, mo máa ń gbé bírò, nǹkan kan kò ní wá sọ́kàn mi, n ó sì fò wọ́n. Wọn kò burú, wọn kò yàtọ̀, wọn kì í yọ mí lẹ́nu. Mo máa ń dúpẹ́ lórí irú wọn. Mo wá rí i pé ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ ni pé wọn kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, n kò sì fún wọn ní nǹkan kan. Mo kọ orúkọ àwọn 11 náà sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú tábìlì mi, àwọn ni mo ń kọ́kọ́ wò láàárọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ojú ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń kọrin nínú ikùn bó bá ń ṣírò. Ọ̀kan kì í rí pátákó dáadáa, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò kọ.

Ó ku ẹnì kan. Ọmọbìnrin ni. Iṣẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ láàárín sáà kejì, wọ́n kó lọ kí n tó rí nǹkan kan kọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lójú ewé yẹn fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n. Mo fẹ̀yìn tì ní 2019, mo máa ń ṣí ìwé náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo bá sì dé ibẹ̀, n kò lè rántí ojú rẹ̀.

Nígbà Ọdún Iléyá tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì náà gbé ẹran wá fún mi. Òun náà ti ní ọmọ mẹ́ta. Mo gbé ìwé náà jáde fún un, ó rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo kọ nípa rẹ̀, mo wá ṣí ojú ewé ọmọ Àkúrẹ́ hàn án. Mo bi í bóyá ó rántí rẹ̀.

"Háà, Mà. Òun kọ́ ló máa ń tètè dé ju gbogbo wa lọ ni? Òun ló ń nu pátákó sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé, á tún fi ẹfun tuntun sórí tábìlì yín. Ẹ ò mọ̀ ni?"

N kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá pátákó mímọ́ pàdé láàárọ̀ nígbà náà, n kò sì bi ara mi rí pé ọwọ́ ta ni. Mo ní kó bá mi mú bírò lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, lábẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n díẹ̀ báyìí: "Ó máa ń nu pátákó kí n tó dé."